Ṣé Iṣẹ́ Calipari Tó Owó Tí Kentucky Ń San?

Alága ìjókòó, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n wá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, mo kí gbogbo yín o. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó àti eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ̀ ju ohun tí èèyàn lè sọ tán ní ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú: John Calipari, tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Yunifásítì Kentucky láti 2009 títí di 2024.

Ọdún mélòó kan gbáko ni àwọn ará Kentucky fi jà lórí ìbéèrè kan. Wọ́n jà á nílé ìgẹrun, wọ́n jà á lórí rédíò, wọ́n jà á lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú: ṣé ọkùnrin yìí tó owó tí wọ́n ń san fún un? N kò ní fi ìdáhùn tèmi pamọ́ di ìparí. Mo ní ó tó o, kódà ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún nǹkan bí ọdún mẹ́fà. Àmọ́ ìwé tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ní 2019, ọlọ́gbọ́n kì í tọwọ́ bọ irú rẹ̀. Ohun tó sì jẹ́ kí owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ òun gan-an. Ọwọ́ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà láìgba owó ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ibi tí Kentucky jẹ́. Ìpínlẹ̀ náà kò ní ẹgbẹ́ NBA, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn tó ń fi í jẹun, kò ní ẹgbẹ́ NFL, ìyẹn ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Bọ́ọ̀lù yunifásítì ni wọ́n fi ń ṣe ayẹyẹ, òun náà ni wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀. Rupp Arena, ilé eré wọn ní Lexington, ń gba èèyàn tó lé ní 20,000, orúkọ Adolph Rupp tó gba ife ẹ̀yẹ mẹ́rin fún wọn ni wọ́n sì fi sọ ọ́: 1948, 1949, 1951 àti 1958. Joe B. Hall gba ọ̀kan ní 1978, Rick Pitino gba ọ̀kan ní 1996, Tubby Smith gba ọ̀kan ní 1998, ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀. Tubby Smith yìí, ọdún mẹ́sàn-án ló tún lò lẹ́yìn ife yẹn, wọ́n sì ń yọ ọ́ lẹ́nu pé èkejì dà, títí ó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Minnesota ní 2007. Àtàrí àjànàkú ni iṣẹ́ yẹn, kì í ṣẹrù ọmọdé.

Ẹni tó gbapò rẹ̀, Billy Gillispie, ọdún méjì péré ló ṣe. Nínú oṣù Kọkànlá 2007, Gardner-Webb, ilé ẹ̀kọ́ kékeré láti North Carolina, wá bá wọn ní Rupp Arena, ó sì fàgbà hàn wọ́n pẹ̀lú àmì 84 sí 68. Ní 2009, wọn kò tilẹ̀ rí ìwé ìpè gbà sí ìdíje ńlá NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì. Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, Gillispie kò tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn gidi kankan. Ìwé ìfẹnukò ṣókí ni wọ́n fi ń bá a lò. Nígbà tí wọ́n lé e, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là ni wọ́n sì fi parí ìjà náà. Yunifásítì kan náà tí kò lè fi ìwé de ẹnì kan mọ́lẹ̀ ní 2007 ló padà wá fi ìwé de ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní 2019.

Ohun tí Calipari bá nílẹ̀ nìyẹn. Ó ti Memphis wá ní 2009, wọ́n fún un ní àdéhùn ọdún 8 tó lé ní mílíọ̀nù 31 dọ́là, àwọn kan sì pariwo pé owó náà ti pọ̀ jù. Lọ́dún àkọ́kọ́, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun, márùn-ún nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n mú ní ìpele kìíní. John Wall ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó jáde lọ́dún yẹn. Ní 2011 wọ́n dé Final Four, ìyẹn ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ní 2012, pẹ̀lú Anthony Davis, wọ́n na Kansas ní New Orleans, 67 sí 59, wọ́n gbé ife lọ sílé. Ní 2014 wọ́n dé àṣekágbá, Connecticut ló borí wọn. Ní 2015 wọ́n gbá bọ́ọ̀lù 38 láìpàdánù ẹyọ kan kí Wisconsin tó dá wọn dúró ní Final Four. Sáà márùn-ún, Final Four mẹ́rin. Èyí tó ṣẹ́ kù láàárín wọn, 2013, jẹ́ ìtìjú ńlá: ìdíje kékeré tí wọ́n ń pè ní NIT ni wọ́n lọ, yunifásítì kan tó ń jẹ́ Robert Morris ló sì lé wọn síta. Robert Morris yìí, Moon Township ní Pennsylvania ló wà, ìlú tí wọ́n ti bí Calipari gan-an. Ilé ẹni náà ló ti ń bọ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi nínú oṣù Kẹrin 2015 bóyá ọkùnrin yìí tó owó rẹ̀, èmi á ní ẹ jẹ́ ká sọ nǹkan míì.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fọwọ́ ba owó náà fúnra rẹ̀, nítorí àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn máa ń sọ pé owó tí ẹgbẹ́ rí nínú ìdíje NCAA ló ń san owó oṣù rẹ̀. Irọ́ ni. CBS àti Turner, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ló ń gbé ìdíje yẹn sórí afẹ́fẹ́. Ní 2010 wọ́n fẹnu kò sí bílíọ̀nù 10.8 dọ́là fún ọdún 14, ní 2016 wọ́n tún fi bílíọ̀nù 8.8 lé e kí àdéhùn náà lè dé 2032. Lára owó yẹn ni NCAA ti ń pín fún àwọn ẹgbẹ́. Gbogbo ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá wọ pápá nínú ìdíje náà, yàtọ̀ sí ọjọ́ àṣekágbá, ó jẹ ìpín kan. Láyé ìsinsìnyí, ìpín kan ń mú nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 dọ́là wá, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san án, ó di ọdún 6 kó tó pé. Kì í tún ṣe ọwọ́ yunifásítì ni owó náà ń bọ́ sí. Àjọ tí yunifásítì wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó o fún, SEC ní ti Kentucky, SEC á wá pín in.

Ẹ bá mi ṣírò. Ẹgbẹ́ tó gba ife, ìpín 5 ló lè jẹ. Mílíọ̀nù 10 nìyẹn. Láti 2012 títí Calipari fi kúrò, ọmọ ẹgbẹ́ 14 ni SEC ní. Bí a bá ní kí wọ́n pín in dọ́gba, ohun tó kan Kentucky fún ọdún 6 gbáko kò jù nǹkan bí 714,000 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa kúrò, Calipari ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 lọ́dún, ìyẹn ni pé oṣù kan péré ló máa fi jẹ owó ife ẹ̀yẹ tán. Vanderbilt, tó wà nínú SEC bíi tiwọn, tí kò da òógùn kankan, á sì gba iye kan náà. Owó gidi wà níbòmíràn: tíkẹ́ẹ̀tì Rupp Arena, owó tẹlifíṣọ̀n SEC, àti àwọn olówó tó ń fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ta yunifásítì lọ́rẹ kí wọ́n lè jókòó lẹ́bàá pápá. Àwọn olówó yìí ni Calipari ń mú inú wọn dùn, tí inú wọn bá sì dùn, àpò wọn á ṣí.

Kí wá ni ọjà tí ó ń tà fún wọn? Òun fúnra rẹ̀ kò bò ó. Láti 2006, NBA kò gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ girama mọ́. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ pé ọdún 19, ọdún kan sì gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá míì ń bú òfin yìí. Calipari sọ ọ́ di ilé iṣẹ́. Ó ń wọlé tọ àwọn òbí lọ, ó ń sọ fún wọn pé ẹ fún mi lọ́mọ yín fún sáà kan, n ó dá a padà fún yín ní mílíọ́níà. Ó sì ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Karl-Anthony Towns, Devin Booker, Shai Gilgeous-Alexander, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn gbà kọjá.

Ọmọ tiwa náà gba ibẹ̀ kọjá. Bam Adebayo: ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló dá tọ́ ọ ní North Carolina. Ó wọ Kentucky ní 2016, ó lo sáà kan, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Final Four kí North Carolina tó fi àmì méjì péré borí wọn, 75 sí 73. Miami Heat mú un ní ipò 14 ní 2017. Ní 2020 ó tọwọ́ bọ àdéhùn ọdún 5 tó lé ní mílíọ̀nù 160 dọ́là, ó sì ti gba wúrà Olympic lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ní Tokyo àti ní Paris. Lọ́dún tó fi wà ní Kentucky, kí ló gbà? Yàrá, oúnjẹ, owó ilé ẹ̀kọ́, àti owó àpò díẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, owó Calipari ti lé ní mílíọ̀nù 7.

Ẹ má bínú tí mo bá dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Òfin ìgbà yẹn ní kí ẹ má san owó fún ọmọ tí èrò wá wò. Owó sì ń wọlé bí òjò. Owó náà kò ní lọ sọnù. Ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí ọwọ́ ẹnì kan. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan kò bá lè fi owó fa Anthony Davis, á fi owó fa ẹni tó lè fa Anthony Davis. Mílíọ̀nù 8 tí ẹ ń pè ní owó akọ́nimọ̀ọ́gbá, owó ọmọ ni, wọ́n kàn gbé e gba ojúlé míì ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń sọ pé ojúkòkòrò ni Calipari kọrin. Ohun tí ọjà ń ná an ló gbà.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń fi ìyà jẹni nígbà yẹn. Ní 1996, Calipari wà ní Massachusetts, ẹgbẹ́ rẹ̀ dé Final Four. Ó wá hàn pé Marcus Camby, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú wọn, ti gba owó àti ẹ̀bùn lọ́wọ́ àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù. NCAA pa gbogbo ohun tí wọ́n ṣe nínú ìdíje yẹn rẹ́ kúrò nínú ìwé. Final Four ti Memphis ní 2008 náà, wọ́n pa á rẹ́, nítorí ìdánwò àbáwọlé agbábọ́ọ̀lù kan. Nínú méjèèjì, wọn kò fi ẹ̀sùn kan Calipari, èmi náà kò ní fi kàn án níbí. Mo kàn ń sọ fún yín pé láyé ọjọ́un, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ọmọ gba ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan, ọlá sì ni kí olùkọ́ rẹ̀ gba mílíọ̀nù.

A dé 2019. UCLA ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá, orúkọ Calipari bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ẹ̀rù ba Kentucky. Wọ́n sáré gbé ìwé wá: ọdún 10, mílíọ̀nù 86 dọ́là. Àdéhùn títí ayé ni àwọn oníròyìn ń pè é. Wọ́n tún kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé, láti 2024, ó lè fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kó di aṣojú yunifásítì, kí wọ́n máa san 950,000 dọ́là fún un lọ́dún. Kí ló ti ṣe láàárín 2015 sí 2019 tí wọ́n fi gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún un? Kò padà dé Final Four kankan. Ẹgbẹ́ rẹ̀ dára, ó ń borí dáadáa, àmọ́ kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kentucky ṣe bí ẹni tó san owó ilé ọdún mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé òjò kò jò nínú yàrá náà rí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Sáà 2020 sí 2021, ìgbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà: Kentucky borí 9, ó pàdánù 16. Wọn kò rí sáà tó burú tó bẹ́ẹ̀ láti 1926 sí 1927. Ẹ jẹ́ ká fi èyí jì í, gbogbo ayé ló dojú rú nígbà yẹn. Àmọ́ 2022 ńkọ́? Saint Peter's, ilé ẹ̀kọ́ kékeré ní Jersey City, tí wọ́n tò sí ipò 15 ní agbègbè wọn, borí Kentucky tó wà ní ipò 2, 85 sí 79, lẹ́yìn àfikún àsìkò. Owó ọdún Shaheen Holloway tó ń kọ́ Saint Peter's nígbà yẹn kò tó ìdá kan nínú ogún owó Calipari. Ní 2023, Kansas State lé wọn lọ sílé ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì. Ní 2024, ní Pittsburgh, Oakland láti Michigan ló kàn: 80 sí 76. Jack Gohlke, ọmọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ti ọ̀nà jíjìn ju bọ́ọ̀lù wọ apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àmì mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn méjì kan sì jókòó sí ìhà Kentucky, Reed Sheppard àti Rob Dillingham, tí NBA mú ní ipò 3 àti ipò 8 lóṣù mẹ́ta sígbà yẹn. Ẹ̀bùn kò tán nílé Calipari. Àgbà ló tán. Gohlke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì fún ọdún mẹ́rin, márùn-ún. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí.

Kí ló yí padà? Nínú oṣù Keje 2021, wọ́n gba àwọn ọmọ láyè láti máa fi orúkọ àti àwòrán ara wọn pa owó. Lọ́dún kan náà, wọ́n ní ọmọ lè kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan lọ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan láìjókòó sílẹ̀ fún sáà kan. Ọjà tí Calipari ń tà ti rí abánidíje. Tẹ́lẹ̀, ó lè sọ pé wá lo ọdún kan láìgba nǹkan, owó ń bẹ níwájú. Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lè sọ pé owó rèé lónìí.

Àwa tí a mọ ọ̀rọ̀ fisa, ẹ gbọ́ ti Oscar Tshiebwe. Ọmọ Congo ni, òun ni wọ́n dìbò yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó pegedé jù ní gbogbo Amẹ́ríkà ní 2022. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pa owó, òun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí fisa akẹ́kọ̀ọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Kentucky lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bahamas, ibẹ̀ ni Tshiebwe ti ṣe iṣẹ́ ìpolówó tirẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sí lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọgbọ́n ló dá, ẹ ò rí i bí! Ní Bahamas yìí kan náà ni Calipari ti sọ pé ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ni Kentucky, tó fi ń béèrè pápá ìgbaradì tuntun. Mark Stoops tó ń kọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́yin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní yunifásítì kan náà nígbà yẹn gbọ́, ó sì fèsì ní gbangba. Ẹni tó ti di baálé títí ayé ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Lẹ́yìn Oakland, ìlú gbaná. Kí wọ́n lé e! Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́: bí wọ́n bá lé e, owó gbà-máà-bínú tí wọ́n máa san jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 33 dọ́là. Kò pẹ́ tí Mitch Barnhart, olórí eré ìdárayá wọn, fi jáde sọ pé Calipari ń padà bọ̀. Owó ló sọ̀rọ̀ yẹn, Barnhart kàn yá a lẹ́nu ni.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan níbí máa sọ pé ẹ wo ohun rere tó ṣe. Òótọ́ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Haiti ní 2010, ó ṣe ètò orí tẹlifíṣọ̀n tó pa owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tí omíyalé ba ìlà oòrùn Kentucky jẹ́ ní 2022, ó tún kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde láti pa owó fún wọn. Mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kò sọ̀rọ̀ nípa ìwà rere. Bí ó bá jẹ́ ìwà rere ni wọ́n ń sanwó fún, àwọn nọ́ọ̀sì ni ìbá máa gba mílíọ̀nù 86.

Nínú oṣù Kẹrin 2024, Calipari yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: ó gba iṣẹ́ ní Arkansas. Kentucky pe Mark Pope, balógun ẹgbẹ́ wọn tó gba ife ní 1996, wọ́n fún un ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5 àti ààbọ̀ lọ́dún. Àwọn kan sọkún pé owó ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni. Ní oṣù Kẹta 2025, Kentucky dé ìpele ẹgbẹ́ 16, Tennessee ló lé wọn síta. Arkansas náà dé ibẹ̀, wọ́n lé Kansas àti St. John's lọ kí Texas Tech tó borí wọn lẹ́yìn àfikún àsìkò. Ní February yẹn, Calipari ti padà sí Rupp Arena, wọ́n hó lé e lórí, ó sì na àwọn tó ń hó náà, 89 sí 79.

Nínú oṣù Kẹfà 2025, Adájọ́ Claudia Wilken fọwọ́ sí àdéhùn tó jẹ́ kí yunifásítì lè máa san owó fún àwọn ọmọ tààrà. Fún sáà 2025 sí 2026, ilé ẹ̀kọ́ kan lè ná tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lórí gbogbo eré ìdárayá rẹ̀. Látìgbà yìí lọ, tí wọ́n bá fẹ́ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní mílíọ̀nù 8, ẹnì kan á béèrè pé agbábọ́ọ̀lù mélòó ni mílíọ̀nù 3 nínú rẹ̀ lè rà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ ní 2019.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní kí n sọ ẹni tó jèrè ní April 2024, Kentucky ni mo máa dárúkọ. Wọ́n bọ́ nínú gbèsè mílíọ̀nù 33 láìsan kọ́bọ̀, wọ́n rí ẹni tí owó rẹ̀ fi mílíọ̀nù 3 kéré lọ́dún, lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ó sì gbé wọn dé ibi tí Arkansas dé. Calipari kò pàdánù, ẹni tó ń gba mílíọ̀nù 7 níbòmíràn kò tíì pàdánù. Ṣùgbọ́n òun ló ṣe wọ́n lóore tí wọn kò lè ṣe fún ara wọn. Mo rí ọwọ́ méjì lókè níwájú níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ búlúù ti Kentucky. Ẹ gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, kó bú mi.